Àìsàn Ìkẹ́olúwa Kì í Ṣe Àìsàn Ráńpẹ́

Nígbà tí wọ́n sin Ìkẹ́olúwa ọmọ mi ní Ìkọ̀lé, èmi ìyá tó bí i kò sí níbẹ̀. Ilé mi ní Orin ni mo jókòó sí, àwọn obìnrin ìdílé wa yí mi ká, torí nílẹ̀ tiwa òbí kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í fi sàréè náà hàn án. Mo gba ìyẹn. Bí mo ṣe bá a láyé nìyẹn. Ṣùgbọ́n torí pé mi ò sí níbẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ohun tó wù wọ́n.

Samson àbúrò mi ló mú ìwé ètò ìsìn náà bọ̀ fún mi. Àwòrán ọmọ mi wà lójú ìwé àkọ́kọ́, inú rẹ̀ sì ni ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n kà fún gbogbo ìjọ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n Bíbélì ti kọ́ mi ní ìyókù. Mo kà á. Wọ́n ní onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni. Wọ́n ní ó fẹ́ràn iṣẹ́ Olúwa. Wọ́n ní ó sùn lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.

Ráńpẹ́!

Mo ní kí Samson kà á sókè, bóyá ojú mi ni. Ó kà á. Ráńpẹ́ náà ni. Ìgbà tí Ìkẹ́ ń tọ́ Abíọ́dún ọmọ rẹ̀ lọ́mọ ọwọ́ ni ìka rẹ̀ ti ń wú, Abíọ́dún sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ báyìí, ó ń ka a-b-d fún mi. Èwo ni ráńpẹ́ nínú ìyẹn? Ohun tó mú mi jókòó kọ tèmi nìyí. Kí ẹni tó bá gbọ́ tiwọn gbọ́ tèmi náà.

Ìkẹ́ kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́nu ni. Láti kékeré, níbi tí a ti ń yan gaàrí, òun ló máa ń sín gbogbo oníbàárà wa jẹ, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu tọ́ gaàrí wò tí wọ́n á máa ṣe bíi pé kò dùn. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìdó, ó ṣe fríídọ̀mù, mo ra maṣíìnì fún un. Obìnrin kan mú bùbá wá pé ó fún òun jù. Ìkẹ́ wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Màmá, aṣọ yìí ò tíì kúrò níbi tí mo rán an sí. Ẹ̀yin lẹ kúrò." Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí, ó sì tún mú aṣọ mìíràn wá. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó pè é ní onírẹ̀lẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, tàbí kí n sọ pé ìgbà tí àìsàn ti pa á lẹ́nu mọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ó fẹ́ Adédèjì, káfíńtà ní Ìkọ̀lé. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní Èkìtì, ojú odó ni wọ́n ti ń wo ìyàwó. Ìyá Adédèjì kì í lọ sóko láìjẹ iyán òwúrọ̀, ìyàwó ló sì gbọ́dọ̀ gún un. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, èmi náà gún un fún ìyá ọkọ tèmi. Lẹ́yìn tí Ìkẹ́ bí Abíọ́dún, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìka rẹ̀ á le gan-an, kò ní lè ká a mọ́ ọmọ odó. Á máa fi ọwọ́ sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀.

"Ìyàwó, odó ń dúró dè ọ́."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ò tíì jí."

"Kí lo wí? Ìwọ jí, ẹnu rẹ jí, ọwọ́ rẹ nìkan ló wá ń sùn?"

Tó bá di ọ̀sán, ọwọ́ náà á tú. Ìkẹ́ á jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á lọ bá ẹgbẹ́ akọrin. Ìyẹn ni wọ́n fi mú un. Ìyá Adédèjì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á sọ fún ẹni tó ń kọjá, "Ẹ bá mi wo àìsàn ìyàwó wa o. Ó mọ àkókò uṣẹ́, ó mọ àkókò orin." Gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-tíì-jí. Wọ́n á kí i láàárọ̀: "Ìyàwó, ṣé ọwọ́ ti jí?" Òun náà á fèsì pé, "Ó ní kí n kí yín, ó ní ẹ máa gún un lọ." Wọ́n rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo bí i mọ̀ pé ẹkún ni.

Kò pẹ́, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Pípọ́n náà gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó gun orí imú kọjá, ó sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Tó bá rìn nínú oòrùn, á tún le sí i. Wọ́n ní ó ń bóra. Wọ́n ní ìpara ló jó o. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin tú àpò rẹ̀ wò, ó ń wá ìpara, ọṣẹ lásán ló bá níbẹ̀, síbẹ̀ kò tọrọ àforíjì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí agbòòrùn lọ sí ọjà, wọ́n ní ìyàwó òyìnbó ti dé.

Onílé oògùn ní ibà ni. Ó tún ní taifọ́ọ̀dù ni. Ẹnì kan ní làkúrègbé ni, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lórúnkún méjèèjì. Wọ́n ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bóyá éèdì ni. Kì í ṣe éèdì, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ ife rẹ̀ di ọ̀tọ̀ nínú ilé. Irun orí rẹ̀ ń já. Oyún kejì bọ́ lára rẹ̀. Mo lọ sí Ìkọ̀lé, mo ní mo fẹ́ kí ọmọ mi wá sinmi lọ́dọ̀ mi. Àti Orin sí Ìdó kò jìnnà. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà tó rí wa níbẹ̀ ń jẹ́ Afọlábí. Obìnrin ni, kò tíì dàgbà, àwọn àìsàn oríkèé ara gan-an ló kọ́ ní Ìbàdàn. Kò tíì fọwọ́ kan ọmọ mi tó fi bi í léèrè pé, "Ṣé òwúrọ̀ ló máa ń le jù, tó bá di ọ̀sán á wá tú?"

Ìkẹ́ wò mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ta ló sọ fún yín?"

Ẹ gbọ́ mi o. Ohun tí wọ́n fi ń pe ọmọ mi ní ọ̀lẹ, òun ni dókítà fi mọ àìsàn rẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní lúpọ́ọ̀sì ni. Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú ara gbogbo ènìyàn ni àwọn ọmọ ogun wà tó ń bá àìsàn jà. Ti Ìkẹ́ ti kọjú sí onílé. Wọ́n ń ja oríkèé rẹ̀, awọ ara rẹ̀, àti kíndìnrín.

"Ta ló rán wọn?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán wọn, Màmá. Ìdí tí wọ́n fi ń yí padà ni àwọn oníwàádìí ṣì ń wá káàkiri ayé. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n ń rí i pé àmì kan tó wà nínú ara obìnrin láti inú oyún, tí kò sí lára ọkùnrin, lè wà lára ohun tó ń fà á."

"Kí ló dé tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn ìwé ìṣègùn ti ń sọ pé àwa tó wà nílẹ̀ adúláwọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in.

"Ta ni wọ́n bi?"

"Wọn ò bi ẹnikẹ́ni, Màmá. Wọn ò wá a, wọn ò sì rí i. Àwọn tó ní in ń kú lórúkọ ibà, lórúkọ ayé."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan jókòó síbì kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé irú ọmọ mi kò sí. Ìyá ọkọ rẹ̀ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Ìkọ̀lé, ó ń sọ ohun kan náà. Wọn kò mọ ara wọn, ẹnu wọn sì dọ́gba.

Wọ́n fún un ní oògùn. Ọ̀kan bá oògùn ibà tan, èkejì jẹ́ hóró kékeré funfun. Dókítà gbé hóró kékeré yìí sókè kí èmi àti Ìkẹ́ lè rí i dáadáa. Ó ní, "Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó máa mú ojú rẹ̀ wú, ẹ má dá a lóhùn. Ara rẹ̀ máa gbọ́kàn lé e. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ dá a dúró, èmi ni n óò máa bù ú kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì. Ó lè pa á." Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kò fi èdè òyìnbó lú u.

Ìkẹ́ lò ó. Ọwọ́ tú, ojú pípọ́n lọ, ó padà sílé ọkọ. Ojú rẹ̀ wá kún rọ̀bọ̀tọ̀ bí dókítà ṣe wí. Ní Ìkọ̀lé wọ́n rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńlá, wọ́n ní ó ti sanra, ara ti dá. Oògùn ló wú u lójú, àwọn ń pè é ní àlàáfíà! Wọ́n bá dá ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀.

Mo lọ. Mo jó, kí ló dé tí n kò ní jó? Ìkẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó lo àwọn dókítà fún òun. Bó ṣe sọ ìyẹn tán, ìyá ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pariwo pé, "Ẹ bá mi yọ̀! Dókítà wò ó tì o! Láìlo oògùn, láìgba abẹ́rẹ́, Olúwa wò ó sàn!" Ìjọ fò sókè. Ìlù dún. Wọ́n gbé ọmọ mi jó yí ṣọ́ọ̀ṣì ká.

Wọ́n ti jẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá rí Ìkẹ́ tó ń gbé oògùn mì ti rí i pé irọ́ ni ẹ̀rí náà. Pásítọ̀ kò sọ pé kó má lò ó. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìjọba ò sọ bẹ́ẹ̀, dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ayé ló sọ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ kó oògùn náà, ó dà á sínú ṣáláńgá.

Abíọ́dún ló tú u fún mi lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ọmọdé: "Ìyá àgbà, màámi ò gbé egbòogi funfun mì mọ́, ìyá wa ti dà á nù." Mo gbọn aṣọ mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkọ̀lé.

Adédèjì wà nínú ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mi ò jẹ́ kó dìde tán.

"Ta ló ní kí ìyàwó rẹ dá oògùn dúró?"

"Màámi, ẹ fara balẹ̀. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn oníwàádìí lókè òkun ti rí i ṣe. Àwọn tó ní irú lúpọ́ọ̀sì yìí gan-an ti dá gbogbo oògùn dúró, ara wọn sì le."

"Wọ́n kàn dá a dúró báyẹn?"

"Mo ń rẹ́ pákó lọ́wọ́, ibi tí mo ti gbọ́ ọ nìyẹn. Wọ́n dárúkọ ìlú náà pàápàá."

Mo fóònù dókítà níbẹ̀, mo ní kó sọ̀rọ̀ kí gbogbo wa gbọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, òótọ́ lẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ lẹ gbọ́, ẹ ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fà. Wọ́n ṣa àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀, wọ́n tún wọn kọ́ níṣẹ́, wọ́n sì dá wọn padà sí ara, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń ṣọ́ wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó dá oògùn dúró. Wọn ò pọ̀, wọ́n ṣì ń wò wọ́n lọ. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ti ìyàwó yín, oògùn yìí nìkan ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lónìí."

"Dókítà, ẹ ṣeun," ni Adédèjì wí, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ láti yàrá. "Dókítà ń wá oníbàárà! Ọmọ tí Ọlọ́run ti wò sàn!"

Mo yí ojú mi sí fèrèsé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ìyá Adédèjì wà níbẹ̀, èyí tó ń lò láràárọ̀.

"Àna mi, kí lèyí?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Èmi ò jẹ́rìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ẹ̀yin èèyàn, ó sọ ọ́, ojú ò tì í!

Mo ti ra oògùn náà wá láti Ìdó. Ìkẹ́ sìn mí dé ibùdókọ̀, mo fi sí i lọ́wọ́. Ó dá a padà sínú àpò mi.

"Màámi, ẹ máa mú un lọ."

"Ìkẹ́, o gbọ́ ohun tí dókítà wí."

"Mo gbọ́. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kí gbogbo ènìyàn tó bá rí mi máa bèèrè pé ara ńkọ́. Láti ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn, aṣọ ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ń bèèrè ìgbà tí bùbá wọn máa yá. Wọ́n ti dẹ́kun pípè mí ní Ọwọ́-ò-tíì-jí. Ẹ jẹ́ n wà láàárín àwọn tí ara wọn yá, kódà kó ṣe díẹ̀. Bí wọ́n bá bá oògùn yìí lọ́wọ́ mi, mo di onírọ́ lójú gbogbo ìjọ."

"Kó o di onírọ́, kó o wà láàyè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti ń ní ẹnu bíi tèmi." Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ náà ò pé tí Adédèjì fi pè mí. Ó ní Ìkẹ́ ń bì láti àná, kò lè dìde, òòyì ń kọ́ ọ, àwọn ti gbàdúrà, àwọn ti wọ takisí, àwọn ń bọ̀ ní Ìdó. Mo gun ọ̀kadà láti Orin, mo ṣáájú wọn dé ẹnubodè ilé ìwòsàn. Dókítà Afọlábí ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó ti gbé omi kọ́. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ti kọjá Ọ̀yẹ́. Mo tún pè, wọ́n ní Ìfàkì. Mo tún pè, ẹnikẹ́ni ò gbé e mọ́.

Ọkọ̀ tó gbé aláìsàn kì í rọra sáré. Nígbà tí mo rí takisí yẹn tó ń rọra bọ̀ lójú títì, tó dúró kí àwọn èèyàn kọjá, mo ti mọ̀.

Wọ́n wá kí mi ní Orin lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Mo ní Ọlọ́run kò bá wọn débi ṣáláńgá, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Adédèjì sunkún títí ẹ̀wù rẹ̀ fi tutù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní ènìyàn burúkú ni, n bá mọ ibi tí n óò gbé ìbínú mi sí. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì dúró lé e lórí, torí ààbọ̀ yẹn bá ohun tí ìyá rẹ̀ ti sọ ní gbangba mu.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún Ìkẹ́ ní ilé ìwòsàn pé, mo lọ. Samson ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ní ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó níbẹ̀. Obìnrin ni gbogbo wọn, àfi ọkùnrin kan péré. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọ mi, mo dìde, mo ní, "Ó ti kú." Mo sì sọ ohun tó pa á fún wọn, mi ò gé e kúrú. Mo sọ ti odó, mo sọ ti ẹ̀rí, mo sọ ti ṣáláńgá. Nọ́ọ̀sì fẹ́ dá mi lẹ́kun, Dókítà Afọlábí ní kó fi mí sílẹ̀.

Obìnrin kan tẹ̀ lé mi jáde. Wòsílátù lorúkọ rẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Ó mú mi ní apá aṣọ.

"Ìyá, ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ni oògùn tèmi wà. Inú agolo ẹ̀gúsí ni mo fi pamọ́ sí. Nílé ọkọ mi, wọ́n ní oògùn éèdì ni. Bí mo bá ráyè kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lò ó. Bí n kò bá ráyè..."

"Ọkọ rẹ mọ orúkọ àìsàn náà?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi dé ulé?"

Mo bá a lọ. A dúró ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kó oògùn jáde nínú agolo, a sì wọ inú ilé lọ. Ọkọ rẹ̀ ń to iṣu lọ́wọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó yí i ká. Ó rí àgbà obìnrin tó wọ dúdú, ó sáré gbọnwọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Mo bí ọmọ kan tó ní irú àìsàn ìyàwó rẹ. Kì í ṣe éèdì. Lúpọ́ọ̀sì ni, kì í ran ènìyàn, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe é. Àwọn àna mi da oògùn ọmọ mi nù, ó sì kú lójú ọ̀nà Ìfàkì. Oògùn tìyàwó rẹ rèé, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fi í pamọ́ sí nítorí ẹnu yín."

Obìnrin kan láàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé, "Àwọn tí kò mọ̀ wá rí..." Ọkọ Wòsílátù fọwọ́ dá a dúró.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

Wòsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá oògùn náà.

"Ẹ óò bi í lẹ́yìn," ni mo wí. "Kò tíì lò ó lónìí. Ẹ bu omi wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bu omi, kò rán ẹnikẹ́ni. Ó gbé ife fún un lójú gbogbo ilé. Wòsílátù ju hóró kékeré funfun náà sẹ́nu, ó mu omi. Mo dúró títí ó fi gbé e mì tán, kí n tó bèèrè ibi tí n óò ti rí ọkọ̀ padà sí Orin.